Ìnípọn Kọ́ Ló Ń Mú Àmì Ìkìlọ̀ Pẹ́

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń bójú tó ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń po kẹ́míkà. Àmì ìkìlọ̀ tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ àti àgbá oníke wa kì í pẹ́ tó fi ń bó, àwọ̀ àwọn tó wà níta sì ń ṣí. Ẹni tó ń tà á fún wa ní ká ra èyí tó nípọn, ká sì fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Báwo ló ṣe yẹ kó nípọn tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àníyàn àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi, ó sì ti ń bí mi nínú. Kì í ṣe sí yín o, sí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìnípọn ta ọjà ni. Wọn ò bi yín ní ohun tó wà nínú àgbá, wọn ò bi yín bóyá oòrùn ń pa á. Ìnípọn kọ́ ni àmì fi ń pẹ́.

Ẹ wo àgbá yín, ara rẹ̀ rí roboto. Bí ẹ bá lẹ ohun tó nípọn tó sì le mọ́ ọn, ńṣe ni á máa fẹ́ nà padà, bí ẹní tó ti pẹ́ ní kíká ṣe máa ń fẹ́ ká padà tí a bá tẹ́ ẹ. Igun rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dìde. Tí igun bá ti dìde, kẹ́míkà tó bá ṣàn sílẹ̀ lára àgbá á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, á sì máa jẹ gọ́ọ̀mù lọ. Etí ni ìbàjẹ́ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bébà tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù bò: omi á gba etí wọlé, bébà á wú, á sì là nínú náílọ́ọ̀nù tó ṣì ń dán. Fíìmù polyester, ìyẹn irú ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tí kò nípọn ju mìlímítà 0.05 lọ á ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí irú bébà bẹ́ẹ̀ bá ti di ìdọ̀tí.

Gọ́ọ̀mù ló ń dà yín láàmú jù. Polyethylene ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àgbá oníke, ohun díẹ̀ ló sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kán omi sí i lára. Bí omi náà bá ṣù jọ dípò kó tẹ́ rẹrẹ, gọ́ọ̀mù lásán kò ní mú ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń ṣe gọ́ọ̀mù tó wà fún irú ike yìí, ẹ dárúkọ ike náà fún ẹni tó ń tà á. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi sípíríìtì isopropyl nu ojú ibẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí iná kò sí nítòsí, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Àkísà tó ti mu epo kò gbọdọ̀ kàn án. Bí ojú ibẹ̀ bá tutù ju 10°C lọ, ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù kò ní mú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gidi, pàápàá ní etí, kí ẹ sì fún un ní wákàtí 24 sí 72 kí omi tàbí kẹ́míkà tó kàn án. Àwọn kan á lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, wọ́n á fọ ẹ̀rọ lọ́sàn-án, wọ́n á wá ní gọ́ọ̀mù náà kò dáa! Ẹ sì ní kí wọ́n gé igun rẹ̀ ní roboto fún yín.

Ní ti fíìmù, vinyl, ìyẹn irú ike mìíràn tó rọ̀, ń tẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n èròjà tí wọ́n fi sọ ọ́ di rírọ̀ ń jáde kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá nínú ooru, vinyl náà á sì máa súnkì. Ẹ wo etí èyí tó ti gbó: ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká yẹn, gọ́ọ̀mù tí fíìmù ti sún kúrò lórí rẹ̀ ni, eruku ló lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 80°C, tàbí tí tínà máa ń ta sí, polyester ni kí ẹ lò. Tó bá ń sún mọ́ 150°C, irin tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí ló kù. Ẹ kàn án mọ́ férémù o, ẹ má lu ara táńkì tàbí páìpù.

Àwọ̀ tó ń ṣí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Nínú ISO 3864, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí àwọ̀ àmì ààbò, pupa ni wọ́n fi ń sọ pé èèwọ̀ ni, yẹ́lò ni wọ́n fi ń kìlọ̀, búlúù sì ni ti ohun tó pọn dandan. Pupa sì wà létí àwòrán ewu kẹ́míkà GHS, ìyẹn ètò àgbáyé fún àmì ewu kẹ́míkà. Pupa àti yẹ́lò yìí gan-an ni oòrùn sábà ń kọ́kọ́ pa, dúdú á ṣì wà. Ẹ má wò ó pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé kà: bí pupa bá ti ń funfun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ibí yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ pé ká fi nǹkan bò ó ti wúlò, ìyẹn fíìmù tó mọ́ gaara tó ń dí ìtànṣán oòrùn lọ́wọ́. Tàdáwà ló ń dáàbò bò, kò ní kí gọ́ọ̀mù mú. Bí ẹ bá ń tẹ àmì fúnra yín, ríbọ́ọ̀nù oní-resin (téèpù tàdáwà inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé) ni kí ẹ lò, torí tínà máa ń nu ti oní-wax kúrò.

Bí àgbá yín bá ń gba orí òkun, ẹ bèèrè èyí tó yege ìdánwò BS 5609, ìyẹn ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àmì tó ń gba orí òkun, nítorí àmì ẹrù eléwu gbọ́dọ̀ ṣì hàn lẹ́yìn oṣù 3 nínú omi òkun.

Mi ò tíì fojú rí ilé iṣẹ́ yín, torí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò òfin ibi tí ẹ wà tàbí ìwé ààbò kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba díẹ̀ wò ná. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àgbá gidi, ẹ dúró wákàtí 72, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi aṣọ tó mu kẹ́míkà yín gan-an nù ún léraléra, lójú àti létí. Kí ẹ tún béèrè ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ nípa ooru, kẹ́míkà àti irú ojú tó lè mú. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní ìwé yẹn, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀.