Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ àmàlà yín, ẹ má jẹ ojú owó

Ìbéèrè: Ata àti tòmátò ni mò ń tà ní Ìyànà-Ìpájà. Lálẹ́ àná, 29 oṣù Kẹta 2020, Ààrẹ Buhari kéde kónílé-ó-gbélé ọlọ́jọ́ 14 fún Èkó, Ògùn àti Àbújá nítorí àrùn kòrónà. ₦42,000 ló wà lọ́wọ́ mi, ààbọ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátò ló kù nílẹ̀. ₦25,000 ni mo fi ń lọ ra ọjà ní Mile 12, mo sì jẹ oníbàárà tó ń tà fún mi níbẹ̀ ní ₦6,000. Mo tún ń dá ₦200 lójúmọ́ fún alájọ. Mo fẹ́ ra àmàlà fún àwọn ọmọ lónìí, kí n sì ní kí wọ́n dirun fún wọn. Bàbá wọn ní àpà ni mí. Ṣé mo jẹ̀bi? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ẹ kò jẹ̀bi o. Àmọ́ ẹ̀rù bàbá wọn náà kò ṣàìnídìí, torí inú pọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni gbogbo owó yẹn wà. Ẹ kà á lójú rẹ̀. Ẹ ní ₦25,000 lẹ fi ń lọ sí Mile 12: ẹ dì í lọ́tọ̀, ojú owó nìyẹn. Ẹ san ₦6,000 tí ẹ jẹ oníbàárà yín níbẹ̀ lónìí, nítorí ẹni tó bá san gbèsè kí ọjà tó dá ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ní àwìn tó bá padà dé. Oúnjẹ ilé, ₦9,000. Ó ku ₦2,000. Ẹ ná ìyẹn, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ wá alájọ yín rí kó tó di ọ̀sán, torí kò ní lè yí ká mọ́. ₦200 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 jẹ́ ₦6,000. Tó bá yọ ti ọjọ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀, ₦5,800 ló máa kàn yín. Ẹ fi í kún ojú owó, kì í ṣe kún àmàlà.

Tòmátò yẹn ló ń kán mi lójú jù. Ẹ ṣa èyí tó ti ń ṣomi kúrò, torí omi rẹ̀ ló ń ba ìyókù jẹ́. Ẹ ta èyí tó le kí ilẹ̀ tó ṣú, kódà bí èrè ò bá pọ̀. Ẹ fọ èyí tó rọ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é láìbo ìkòkò títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ tó da òróró sí i. Ẹ dín in títí òróró á fi léfòó. Ẹ má dé e nígbà tó bá ṣì gbóná: ooru á di omi lára ọmọrí, á kán padà sínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń hu funfun. Bí kò bá sí fíríìjì, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ má sì ti ṣíbí tó lómi lára bọ̀ ọ́. Ata rodo ní tirẹ̀, ẹ là á sí méjì kí ẹ tó sá a. Odindi máa ń jẹrà nínú kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ máa kó o wọlé lálẹ́ nítorí ìrì, àkọ́rọ̀ òjò náà sì ti sún mọ́lé.

Ó wá ku ìgbádùn. Àmàlà ₦50 mẹ́jọ, pọ̀ǹmọ́ ₦100 mẹ́rin: ₦800. Ẹ gbé abọ́ tiyín lọ, kí ẹ jẹ ẹ́ nílé. Bùkà tó kún fọ́fọ́ kò dára lásìkò yìí. Gúgúrú àti ẹ̀pà, ₦200. Irun Táyé àti Kẹ́hìndé, ₦500 ₦500. Kí onídìrí wá sílé, kó fọ ọwọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùkú tí wọ́n bá dì wẹ́wẹ́ lè lo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tán. Kó má dì í le jù o: ọmọ méjì tí orí ń ro kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú ilé tí a ò lè jáde kúrò.