Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbà Là

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde láyé: Haruna Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, àtàwọn kásẹ́ẹ̀tì tí èkúté ti ń jẹ. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dà nù, pé kò sí èyí tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo sì lè fi sípíríìtì nu àwọn tó ti dọ̀tí?
— Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ̀yìn Bàbá á dára o. Ẹ gbé sípíríìtì yẹn jìnnà sí rẹ́kọ́ọ̀dù ná. Ti àtijọ́ gan-an, èyí tó wúwo, tí orin ẹyọ kan péré máa ń wà lójú rẹ̀, tó ń fọ́ bí àwo tánganran, ṣẹ́láàkì, irú oje kan, ni wọ́n fi ṣe é, sípíríìtì sì ń yọ́ ṣẹ́láàkì. Aṣọ rírọ̀ tí ẹ rẹ sómi tí ẹ fún dáadáa ti tó. Kí omi má kan bébà àárín rẹ̀. Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ elépì (rẹ́kọ́ọ̀dù oníke tó dé lẹ́yìn rẹ̀) gbọ́ ọ, ojú ilà rẹ̀ fẹ̀ ju ti elépì lọ.

Àbúrò yín jàre díẹ̀. Bí Oroki Social Club, elépì tí Haruna Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1971, bá fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ máa rí òmíràn, nítorí ó tà gan-an. (Èmi ò ní dà á nù o. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò rẹ̀ kì í sábà bá orin dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.)

Kásẹ́ẹ̀tì ló ń ká mi lára. Ẹ ṣa àwọn tí Bàbá fi bírò kọ nǹkan sí lára sọ́tọ̀, irú “Ìsìnkú Màmá” tàbí “Ìsọmọlórúkọ”. Òde àríyá ni wọ́n ti gba irú wọn sílẹ̀, ẹnì kan ló gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì sídìí sípíkà. Elére ọjọ́ náà lè má ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rí láyé, oríkì ìdílé yín tó sì kì, ibẹ̀ nìkan ló wà.

Ẹ ṣẹ́ eyín pẹlẹbẹ kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ọmọdé má baà gba ìwàásù lé e lórí. Èyí tí téèpù inú rẹ̀ bá ti bu, tó hu funfun, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbé e fún. Ibi tí èkúté gé ṣeé so, àmọ́ ẹ má lo sẹ́lótéèpù, gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń ṣàn tó bá yá. Ẹ fi sípíríìtì yín àti òwú nu irin tí téèpù ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló ti wúlò. Kí ẹ wá ki wáyà láti ihò íafóònù ẹ̀rọ náà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má gbé fóònù sẹ́nu sípíkà! WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, ni kí ẹ fi pamọ́, wákàtí kan lè gba bíi 600 MB, MP3, irú fáìlì tó kéré, ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Ẹ ṣe é sórí háàdì dísìkì méjì, kí méjèèjì má sì gbé ilé kan náà.

Bí ẹ bá ti ṣe ti àkọ́kọ́ tán, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé tó ṣì wà, kí wọ́n sọ fún yín ta ni elére ń kì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.