Ọmọ Mi Kì í Gbé Fóònù Sílẹ̀ Lóru

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 15, kì í gbé fóònù sílẹ̀ títí di aago kan òru. Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á ní orí WhatsApp ni tíṣà wọn ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá sí. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ọmọ yín kò parọ́: ohun tí ilé ń kọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè. Ẹ bẹ olùkọ́ rẹ̀ kí ó máa kọ iṣẹ́ náà sójú pátákó kí wọ́n tó jáde.

Oorun ló jẹ mí lógún jù. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ẹni tí ó sùn ní aago kan, tí ó sì jí ní aago mẹ́fà, kò rí ju 5 lọ, kò sì yani lẹ́nu bí ó bá ń tòògbé ní kíláàsì tí ó sì ń kanra nílé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Vivek Murthy, tí ó jẹ́ olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, kìlọ̀ pé ewu ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn di ìlọ́po méjì fún ọ̀dọ́ tí ń lo ju wákàtí 3 lójúmọ́ lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ayélujára.

Ẹ má ṣe gba fóònù náà pátápátá o, ti ọ̀rẹ́ ni yóò yá. Kí gbogbo fóònù ilé, títí kan ti bàbá rẹ̀, máa wà ní pálọ̀ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí ẹ bá rí i pé kò jẹun mọ́, tàbí pé ó ń sá fún ènìyàn, ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.