Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kàlẹ́ńdà Ìjọ Àgùdà àti Àdúrà Òwúrọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo fi kọ́ ara ògiri, ṣùgbọ́n ọjọ́ oṣù nìkan ni mo ń fi wò. Mo fẹ́ máa fi gbàdúrà kí n tó lọ sọ́jà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni mo ní. Báwo ni kí n ṣe é? (Ìyá oníṣòwò kan, Ìbàdàn)

Ẹ kú òwò o, ìyá wa. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó dáadáa. Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù Karùn-ún, 2026. Ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ nìyí: funfun, Fílípì Nérì Mímọ́, àlùfáà, ìrántí, 1 Pét 1:10–16, Sm 98, Mk 10:28–31.

Funfun ni àwọ̀ aṣọ tí Fadá yóò wọ̀ ṣe Mísà. A máa ń lò ó fún Kérésìmesì, Àjíǹde, Ìyá Wa Màríà àti àwọn ẹni mímọ́ tí kì í ṣe ajẹ́rìíkú. Pupa wà fún àwọn ajẹ́rìíkú àti Ẹ̀mí Mímọ́, elésè àlùkò fún Ádífẹ́ńtì (ìgbà ìmúrasílẹ̀ de Kérésìmesì) àti Lẹ́ńtì, àwọ̀ ewé fún ìgbà àárín ọdún, ìyẹn àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò bọ́ sí ìgbà Ádífẹ́ńtì, Kérésìmesì, Lẹ́ńtì tàbí Àjíǹde. Ẹ má fojú kéré àwọ̀ yìí. Lọ́jọ́ elésè àlùkò, ẹ fi ìrònúpìwàdà bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ funfun, kí ọpẹ́ ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ náà "ìrántí" ló ń sọ bí ọjọ́ náà ṣe tóbi tó. Àjọ̀dún ńlá ló ga jù, lẹ́yìn rẹ̀ àjọ̀dún, lẹ́yìn náà ìrántí, kí ó tó kan ìrántí tí kò pọn dandan. Àjọ̀dún ńlá àti àjọ̀dún ní ìwé kíkà tiwọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìrántí, ìwé kíkà ọ̀sẹ̀ ló sábà máa ń bá a lọ bó ṣe wà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á máa wá Fílípì Nérì nínú Máàkù orí kẹwàá, wọn kò sì ní rí i, nítorí pé kò sí níbẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín gbàdúrà, kí ẹ sì fi Ìhìnrere sílẹ̀ kó sọ tirẹ̀.

Láti alẹ́ ni kí ẹ ti fi bébà pélébé sí Máàkù 10 àti Sáàmù 98, nítorí pé ìwé wíwá ló ń jẹ ìdajì àkókò àwọn tó ń kánjú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ṣe àmì àgbélébùú, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ìhìnrere ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ìwé kíkà kìíní, ti Pétérù, lè dúró di alẹ́. Ẹsẹ mẹ́rin péré ni Ìhìnrere náà. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́ fún ohun tó ṣẹlẹ̀, èkejì fún ọ̀rọ̀ tó mú yín lọ́kàn. Ẹ wo ẹsẹ 29, níbi tí Jésù ti ka ohun tí èèyàn lè fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Bàbá wà lára wọn. Ẹ wá wo ẹsẹ 30, níbi tó ti ka ohun tí onítọ̀hún yóò gbà padà ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún: kò dárúkọ bàbá mọ́, ó sì ti fi inúnibíni kún un. Ẹni tó bá sáré kà á kò ní rí èyí. Ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ bi Olúwa ní ohun tí ẹ bá fẹ́ bi í. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Sáàmù dá a lóhùn, ẹ tọrọ ohun tí ẹ ní láti tọrọ fún ilé àti ọjà, kí ẹ fi "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run" parí rẹ̀.

Bí kàlẹ́ńdà yín bá kọ Sm 97 lọ́jọ́ yẹn, kò ṣìṣe. Bíbélì Látìnì àtijọ́ fi ọ̀kan dín sí tiwa nínú ọ̀pọ̀ jù lọ Sáàmù láti 10 dé 147. Èyí tí ẹ ń wá ló sọ pé ká kọ orin tuntun sí Olúwa. Bó bá jẹ́ "Olúwa jọba" ni ẹ bá níbẹ̀rẹ̀, ẹ tún ṣí i síwájú.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ìgbà àárín ọdún la wà kí Lẹ́ńtì 2026 tó dé. Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, kàlẹ́ńdà ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ keje ńkọ́? Ṣé àṣìtẹ̀ ni? (Kàtékísì kan, Abẹ́òkúta)

Kì í ṣe àṣìtẹ̀, Kàtékísì. Ṣáájú Lẹ́ńtì, láti iwájú la ti ń ka ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, láti ẹ̀yìn ni. Ọ̀sẹ̀ tí àjọ̀dún Kristi Ọba bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n, Ádífẹ́ńtì ló sì tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2026, 29 oṣù Kọkànlá ni Ádífẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, Kristi Ọba sì bọ́ sí 22. Tí ẹ bá ń kà á padà sẹ́yìn láti ibẹ̀, ọjọ́ Ajé 25 oṣù Karùn-ún á bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ọjọ́rú Eléérú, 18 oṣù Kejì, ló gé ọ̀sẹ̀ kẹfà, keje kò sì ráyè. Lọ́dún 2027, ìkẹfà ni kò ní ráyè. Nítorí náà, ẹni tó ń lo ìwé àdúrà tí wọ́n tò ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn ṣí ojú ìwé tó kàn lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì. Kó wo kàlẹ́ńdà ná.

Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ní 1 oṣù Kẹwàá, Tèrésà Mímọ́ ni fóònù mi ń gbé jáde, Màríà Ọbabìnrin Nàìjíríà sì ni wọ́n ń ṣe nílé. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Méjèèjì tọ̀nà. Kàlẹ́ńdà kan wà fún gbogbo ayé, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ní Mísà, ẹ tẹ̀ lé ti ibi tí ẹ wà. Nínú àdúrà tiyín, kò sí òfin tó dí yín lọ́wọ́, a ó sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ di ti ilé mú. Ẹ má gbàgbé 20 oṣù Kìíní pẹ̀lú, ọjọ́ Alábùkún Tansi, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà, ẹni tí Póòpù John Paul Kejì kéde gẹ́gẹ́ bí alábùkún ní Oba, ìpínlẹ̀ Anambra, ní 22 oṣù Kẹta, 1998.

Ẹ ṣáà yẹ orílẹ̀-èdè tí wọ́n yàn sínú áàpù yín wò. Ìgòkè Re Ọ̀run bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ ní England, ṣùgbọ́n púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ti gbé e lọ sí ọjọ́ Àìkú. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ni fóònù yín ń lò, ìwé kíkà ọ̀tọ̀ ni ẹ ó máa kà lọ́jọ́ náà.

Kàlẹ́ńdà kọ "Sir", n kò rí i nínú Bíbélì mi.

Síírákì ni. Bíbélì oníwèé 66 ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ti Ìjọ Àgùdà jẹ́ 73, Síírákì sì wà lára méje tó fi lé, ẹ bèèrè fún un. Ní ìgbà àárín ọdún, ọ̀wọ́ méjì ni ìwé kíkà kìíní ti àárín ọ̀sẹ̀, ọ̀kan fún ọdún tó dọ́gba (bíi 2026), ọ̀kan fún èyí tí kò dọ́gba (bíi 2027). Ìhìnrere kì í yí padà. Ọdún tí kò dọ́gba ni àwọn ìwé tó fi lé yìí pọ̀ sí jù: lọ́dún 2027, Síírákì ló máa gba ọ̀sẹ̀ keje àti ìkẹjọ, Tóbítì ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, Ọgbọ́n Sólómọ́nì ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n, Mákábéè sì tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ keje yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 17 oṣù Karùn-ún. Kí ẹ tó rí Bíbélì náà rà, ẹ máa fi Sáàmù àti Ìhìnrere ṣe é.