Tí Parrot ò bá dá yín lóhùn, ẹ wo òkè skrínì kí ẹ tó ra áńtẹ́nà

Ẹ̀gbọ́n tó ní òun tẹ 9990 lórí GD-77 (rédíò ọwọ́ DMR, ìyẹn rédíò dígítà) tó ní OpenGD77 (sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń rọ́pò ti ilé iṣẹ́) nínú, tí Parrot (ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn yín padà fún yín kí ẹ lè dán rédíò wò) ò sì sọ nǹkan kan padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra áńtẹ́nà míì. Èmi rà á. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bá nǹkan yìí fà á ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo tún hotspot (àpótí kékeré tó ń so rédíò mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì) tò lẹ́ẹ̀mẹta, mo tiẹ̀ ń rò pé bóyá DMR ID mi, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi lórí DMR, ló níṣòro torí 234 ló fi bẹ̀rẹ̀ (234 yẹn kì í ṣe kóòdù fóònù Nàìjíríà o, ti UK ni lórí DMR, 621 ni ti Nàìjíríà), kò sì sí èyí tó bàjẹ́ nínú gbogbo ẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn dáa, irú ìpè tí ẹ fi pè é ni ò dáa. Lórí BrandMeister, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so àwọn rédíò DMR pọ̀, private call ni 9990, bí ìgbà tí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹnì kan ṣoṣo. Talkgroup ní tiẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹ dúró láàárín ọjà tí ẹ ń ké. Tí ẹ bá tẹ # lẹ́ẹ̀kan, òkè skrínì á kọ TG entry, ohunkóhun tí ẹ bá tẹ síbẹ̀ ọjà ló ń lọ. Ẹ tún # yẹn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, á di PC entry, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá tẹ 9990 àti bọ́tìnnì gíríìnì. Ẹ tẹ PTT (bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sọ̀rọ̀), ẹ dúró díẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ tú u sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí tèmi ṣiṣẹ́, ení, èjì, ẹ̀ta ni mo kà nínú kíṣìnì, ó dákẹ́ díẹ̀, ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi tó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta padà, odídẹrẹ́ gidi, mo pariwo pe ìyàwó mi kó wá gbọ́. Ohùn yẹn ṣe wúruwùru torí mo fi ẹnu sún mọ́ rédíò jù, ìyẹn náà ni ẹ fi ń mọ̀.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ tẹ arrow òsì tàbí ọ̀tún kó padà sí talkgroup tó wà lórí channel yín. Ẹ tún ṣọ́ra fún talkgroup 9 (ti àdúgbò) àti 91 (ti gbogbo ayé). Mo fẹ́ tẹ 9, ọwọ́ mi kan 1 mọ́ ọn, 91 sì ni Worldwide, mo ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ Yorùbá, òyìnbó ló dá mi lóhùn, látìgbà yẹn rédíò ò dákẹ́ mọ́ títí mo fi tẹ 4000, òun ló ń já talkgroup tí ẹ bá ṣí fúnra yín.

Tó bá ṣì dákẹ́ lẹ́yìn PC entry, ẹ ṣí dashboard hotspot yín (ojú ìwé tó ń fi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ hàn), kí ẹ tẹ PTT. Tí call sign yín (orúkọ yín lórí afẹ́fẹ́) bá jáde níbẹ̀, rédíò yín ń dé ọ̀dọ̀ hotspot, ẹ lọ wo filter (èyí tó ń yan ohun tí rédíò máa jẹ́ kí ẹ gbọ́) inú Quick Menu, ẹ fi sí None. Tí kò bá jáde rárá, ẹ wo frequency àti color code (nọ́ńbà tí rédíò àti hotspot gbọ́dọ̀ jọ lò), ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn má bá ti hotspot mu.