Kí Ló Dé Tí Squire Fi Ṣọ̀wọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo rí àwòrán Squire, ọkọ̀ eré ìjókòó méjì tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣé kò dára ni kò fi pọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, ó dára. Owó ló pa á. Adrian Squire ti ń ya ọkọ̀ yìí sínú ìwé láti ilé ẹ̀kọ́ kó tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá Henley-on-Thames. £1,220 ló ń tà á! Ta ló máa kó irú owó yẹn fún ẹni tí kò tíì lórúkọ, nígbà tí Bugatti wà lórí àtẹ? Méje péré ló jáde kí wọ́n tó kógbá wọlé lọ́dún 1936.

Jíà rẹ̀ ló wù mí jù. Awakọ̀ á ti fi ọ̀pá kékeré yan jíà sílẹ̀ kó tó dé kọ́nà. Bó bá débẹ̀, á kàn fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì, jíà á wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ́ńjìnnì Anzani inú rẹ̀ ò ju lítà kan àbọ̀ lọ, àmọ́ súpáshájà ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Bọ́ǹbù Jámánì ló pa Adrian Squire fúnra rẹ̀ lọ́dún 1940. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà, kó yẹ ìwé rẹ̀ wò fínnífínní: wọ́n tún fi àwọn ẹ̀yà tó ṣẹ́kù to díẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn náà.