Ẹ Bi Bàbá Pẹ́ńtà: Ọ̀rọ̀ Búlúù Eléérú

Ìbéèrè: Bàbá Pẹ́ńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí pálọ̀ kan lórí fóònù tí wọ́n fi búlúù tó ní eérú nínú kùn, ó wù mí kọjá àlà. Pẹ́ńtà wa wo àwòrán náà, ó po ọ̀dà, ó kùn ún díẹ̀ sára ògiri kiríìmù wa ká lè wò ó. Lọ́sàn-án, ó fẹ́ dára. Nígbà tí a tanná lálẹ́, bàbá àwọn ọmọ mi bi mí bóyá ilé ìwòsàn la fẹ́ ṣí. Àga wa jẹ́ àwọ̀ kọfí, táìlì ilẹ̀ jẹ́ kiríìmù. Pálọ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n fàráńdà ńlá wà níwájú rẹ̀. Yàrá wa ló kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ṣé kí n kúkú gbàgbé àwọ̀ yìí ni? — Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má gbàgbé ẹ̀ o. Àwọ̀ tó dáa ni. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìdànrè lówùúrọ̀ ọyẹ́ ti rí i lára àwọn òkè lókèèrè, níbi tí èèyàn kò ti lè sọ pé búlúù ni tàbí eérú. Ìyọnu rẹ̀ ni pé kì í dá dúró: iná tó bá bá a nílé ló máa ń bá lọ. Kiríìmù kò bìkítà irú iná tí ẹ tàn sí i. Búlúù eléérú kò rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó bá pẹ́ńtà wí, ẹ yọ gílóòbù pálọ̀ yín, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé 6500K lẹ máa bá níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ irú iná tó jẹ́: bó bá ti ń lọ sókè ni iná ń funfun tó sì ń fà sí búlúù, bó bá ti ń wálẹ̀ ló ń pọ́n. Iná 6500K a máa ru búlúù inú ọ̀dà sókè, eérú á sì sá lọ. Ohun tí ọkọ yín rí nìyẹn. Ẹ má wá fi ìbínú lọ ra 2700K o, ìyẹn pọ́n jù, búlúù yín á pòórá, eérú tó ń fà sí ewé lẹ máa bá lára ògiri. Ẹ wá 4000K.

Ògiri kiríìmù tí ó kùn ún sí tún dá kún un. Àwọ̀ a máa yí ojú padà nítorí aládùúgbò rẹ̀. Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé tó ń bójú tó iṣẹ́ aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké lọ́dún 1839. Wọ́n ń ráhùn sí i pé dúdú tí wọ́n ń rẹ níbẹ̀ kò dúdú tó. Ó wádìí ẹ̀ títí, ó rí i pé àwọ̀ tí wọ́n hun ún mọ́ ló ń tàn wọ́n jẹ. Búlúù bíńtín láàárín kiríìmù púpọ̀, búlúù yẹn á ké ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ wá páálí tó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóròó. Ẹ kọ́kọ́ kùn ún ní funfun, kí ẹ wá fi ọ̀dà náà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì títí dé etí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, torí ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò sábà máa ń ṣú díẹ̀ sí i tó bá gbẹ. Ẹ gbé e sẹ́yìn àga kọfí yẹn láàárọ̀, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn jù lọ́sàn-án, ẹ tún wò ó lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tó jẹ́ iná bátìrì lẹ ń lò. Bàbá àwọn ọmọ náà ni kó wà níbẹ̀, kó má baà sọ pé ẹ kò bi òun.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọ̀ yìí máa ń fà sí: aró, ewé, tàbí àlùkò. Ẹ gbé páálí àwọ̀ tí ọlọ́jà fún yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé funfun lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rí ibi tó ń lọ. Pẹ̀lú táìlì kiríìmù àti àga kọfí, èyí tó fà sí ewé díẹ̀ ni tèmi. Èyí tó fà sí àlùkò á mú kí táìlì yín máa pọ́n rúsúrúsú, ẹ ó sì rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ kò fọ ilẹ̀ dáadáa.

Fàráńdà yẹn kì í jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ wọlé, nítorí náà ọ̀dà pálọ̀ kò gbọdọ̀ ṣú. Lẹ́yìn páálí àwọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kan, ẹ ó rí LRV, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe ń da ìmọ́lẹ̀ padà tó: 0 ni dúdú kirikiri, 100 ni funfun báláú. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 55 ní pálọ̀. Nínú yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ lè wálẹ̀ dé 40, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á gbé e.

Tí pẹ́ńtà bá fẹ́ fọwọ́ pò ó, ẹ dúró tì í. Kó kọ́kọ́ da búlúù sínú ife ọ̀dà funfun kan, kó rò ó títí fọ́nrán àwọ̀ kankan kò fi ní hàn mọ́, kó tó dà á sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni kó máa kán sítẹ́nà dúdú, àwọ̀ kíki tí a fi ń pa ọ̀dà láró, sí i, tó, tó, tó. Dúdú yẹn kò láàánú: tó bá ti pọ̀ jù, funfun tí wọ́n máa fi tún un ṣe á fẹ́rẹ̀ẹ́ kun ilé mìíràn. Níkẹyìn, èmi a máa fi yẹ́lò díẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Kó po gbogbo èyí tí pálọ̀ máa mu lẹ́ẹ̀kan náà, torí àpòkejì kì í bá ti àkọ́kọ́ mu, ìbáà jẹ́ èmi ni mo pò ó. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tó ga ní 10, tí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ògiri rẹ̀ á tó mítà onígun mẹ́rin 40. Lítà kan ń kun bíi 10 lára ògiri tó jọ̀lọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kùn ún, nítorí náà lítà 8, gálọ́ọ̀nù méjì nìyẹn. Ògiri hákahàka á mu jù bẹ́ẹ̀.

Nítorí ọwọ́ àwọn ìbejì, ẹ ra ọ̀dà satin, èyí tó ń dán díẹ̀, fún pálọ̀, ó ṣeé fi aṣọ tútù nù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi sáńpépà ha ògiri dáadáa ná, dídán rẹ̀ a máa tú àṣírí gbogbo kókó.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni a rẹ́ ilé wa tuntun tán. Ìyàwó mi ti yan búlúù eléérú. Bíríkìlà ní ká kùn ún kíá, pẹ́ńtà ní ká dúró. Ta ni ká gbọ́? — Onílé Tuntun, Oǹdó

Ìdáhùn: Pẹ́ńtà ni kí ẹ gbọ́, sà. Irú oró tó wà nínú omi eérú tí àwọn aṣeọṣẹ ń lò ló wà nínú sìmẹ́ǹtì tútù, ó sì máa ń jẹ àwọ̀. Búlúù kan tiẹ̀ wà, Prussian blue, tí oró yìí ń sọ di àwọ̀ ìpẹtà. Ó kéré tán, ẹ fún ògiri ní ọjọ́ 28. Tí òjò bá ń rọ̀, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lẹ nylon pẹlẹbẹ mọ́ ògiri, kí ẹ fi sẹlotéèpù dí etí rẹ̀ yíká, kó sun ibẹ̀. Tí ẹ bá bá ìrì lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ṣì ní sùúrù. Tó bá gbẹ, alkali-resisting primer, ọ̀dà àkọ́kùn tí oró sìmẹ́ǹtì kì í jẹ, ló kàn, kí búlúù ìyàwó yín tó wọlé.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Yàrá kan ni mò ń gbé ní Apatapiti, nítòsí FUTA, fèrèsé kan ṣoṣo. Lánlọ́ọ̀dù gbà kí n kùn ún. Mo fẹ́ búlúù eléérú tó ṣú gan-an, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àjà. Ṣé ó dáa? — Akẹ́kọ̀ọ́

Ìdáhùn: Ògiri kan, ọmọ mi. Má mú èyí tó dojú kọ fèrèsé, torí òun ló ń da ìmọ́lẹ̀ padà sí ọ tí o fi ń kàwé. Mú èyí tí o ń gbórí sí sùn, kí àjà wà ní funfun. Kí o sì jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà, nítorí lọ́jọ́ tí o bá ń kó lọ, ó lè gba funfun ẹ̀ẹ̀mẹta kí ògiri yẹn tó padà sí bó ṣe wà.